Ohun Tí Géèmù Kì í Sọ Nípa Idà àti Ìbọn Àtijọ́

    Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sọ pé ètò yìí kì í ṣe tiyín, ẹ sún mọ́ rédíò lónìí, torí ọ̀rọ̀ yín gan-an la fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ géèmù ni. Kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n, kì í sì í ṣe lúdò. Géèmù inú tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ni mò ń wí, èyí tí ọ̀dọ́ máa ń jókòó tì títí ilẹ̀ fi máa ṣú, tí wọ́n ń fi idà, ọfà àti ìbọn ja ogun àwọn ará àtijọ́. Ọ̀pọ̀ òbí kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹ̀gà ló ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó. Ìtàn wà nínú ariwo yẹn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, irú ìtàn wo? Bí géèmù bá gbé ohun ìjà àtijọ́ kan kalẹ̀, tó kọ orúkọ rẹ̀, tó sì ṣàpèjúwe agbára rẹ̀, ṣé òótọ́ ló ń sọ fún ọmọ wa?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí, ká tó máa tú u wò. Ìrísí ohun ìjà náà sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Wàhálà tó wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń gé kúrò. Mo tún un wí: ìrísí, òótọ́ ni, wàhálà rẹ̀ ni wọ́n ń gé kúrò. Ó dà bí ẹni tó rí iyán nínú àwo, tí kò gbọ́ ìró odó.

Ẹ bá mi kálọ sí erékùṣù Caribbean. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Assassin's Creed IV: Black Flag. Ìtàn àwọn olè orí òkun ni, láàárín ọdún 1715 sí 1722. Ọmọ ilẹ̀ Wales kan, Edward Kenway, ni akọni eré náà. Ta wá ni igbákejì rẹ̀ nínú ọkọ̀? Ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Adéwálé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Adéwálé. Bí ẹnu àwọn òyìnbó ṣe gbé e ni wọ́n ń pè é nínú eré náà, ṣùgbọ́n orúkọ tiwa ni. Wọ́n ní oko ẹrú ní Trinidad ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n ti fún un ní eré tirẹ̀, Freedom Cry, níbi tó ti ń tú ẹrú sílẹ̀ ní Port-au-Prince àti agbègbè rẹ̀. Ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí ni. Saint-Domingue ni àwọn Faransé tó jẹ gàba lé e lórí nígbà náà ń pè é.

Adéwálé kì í ṣe ẹni gidi o. Àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn kì í ṣe àròsọ, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó débẹ̀ kì í sì í ṣe àròsọ. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ Haiti ń bọ ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ogou. Ògún tiwa náà ni, idà tàbí àdá ló sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ohun ìjà Adéwálé nínú géèmù yìí? Àdá ni, àti ìbọn kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ la gbàgà. Ẹ jẹ́ ká mú àdá náà wò ná, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó ṣe eré yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ibẹ̀ náà ni mo sì ti bínú sí wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àdá? Kí ló dé tí kì í ṣe idà bíi ti Kenway? Ìdí ni pé oko ìrèké ni ilẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1685, Louis kẹrìnlá, ọba Faransé, fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní Code Noir. Òfin yìí kà á léèwọ̀ fún ẹrú láti mú ohun ìjà dání. Igi ńlá pàápàá, wọn kò gbọ́dọ̀ mú un. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, pàṣán ni. Àfi ẹni tí olówó rẹ̀ bá rán lọ ṣọdẹ. Ṣé ẹ rí i? Wọn ò fẹ́ rí igi lọ́wọ́ ẹrú. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọwọ́ lásán gé ìrèké? Kò sẹ́ni náà. Nítorí náà, olówó ẹrú tó ń sá fún igi ní alẹ́, òun náà ló ń gbé àdá fún wọn ní òwúrọ̀.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1791, àwọn ẹrú inú oko ìrèké ní apá àríwá dìde. Àdá tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Lọ́dún 1804, Haiti di òmìnira. Eré Adéwálé dá lórí nǹkan bí ọdún 1735, èyí tó ṣáájú ìdìde yẹn ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi àdá sí i lọ́wọ́, ojú wọn ríran.

Kí ni mo wá bínú sí? Ẹ fetí sílẹ̀. Nínú eré náà, bí o bá fẹ́ gba àdá tó dára ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ, iye ẹrú tí o bá tú sílẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ. Tú iye báyìí sílẹ̀, kí o gba ìbọn tuntun. Tú iye báyìí sílẹ̀, kí o gba àdá mìíràn. Ọmọ tó ń fi géèmù náà ṣeré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn èèyàn bí ẹni ń ka owó. Kíka èèyàn bí owó, ṣebí òun gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olówó ẹrú? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bu ẹnu àtẹ́ lu èyí láti ìgbà tí eré náà ti jáde, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn. Àpèjúwe àdá náà sọ agbára rẹ̀. Kò sọ ti Code Noir, kò sọ ti ìrèké.

Ó dáa. A ti gbé àdá kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbọn.

Irú ìbọn tí wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀gbọ́n ṣakabùlà ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ṣì ń gbé wọgbó títí di òní. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Ẹ jẹ́ ká jọ kì í. Ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu. Ẹ ju ọta tẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ ni akọ òkúta wà. Tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, òkúta yóò gbá irin, iná yóò ṣẹ́, ẹ̀tù inú àwo yóò gbiná, iná náà yóò gba ihò kékeré kan wọlé lọ bá ẹ̀tù tó wà nínú. Ìgbà náà ni ìbọn máa tó dún. Tó bá dún! Bí òjò bá ti pa ẹ̀tù, ó parí nìyẹn. Sójà tó mọṣẹ́ dunjú, tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bó bá yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ó gbìyànjú.

Nínú Black Flag ńkọ́? Kenway á wẹ nínú òkun, á gun ọkọ̀ lójú omi, omi á máa ro lára rẹ̀ tótótó, á fa ìbọn yọ, ìbọn á sì dún gbàù. Ẹ̀tù rẹ̀ kò tutù rárá! Àwọn ọdẹ tó ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀, ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi tán. Nǹkan kan wà tí wọ́n gbà dáadáa. Bí eré náà bá ṣe ń tẹ̀ síwájú, Kenway lè kó ìbọn ìléwọ́ jọ títí tí yóò fi ní mẹ́rin lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé lè rò pé fáàrí ni. Kì í ṣe fáàrí. Ìbọn tí kíkì rẹ̀ ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni jagunjagun fẹ́ ṣe sí i ju pé kó gbé púpọ̀ dání? Edward Teach, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Blackbeard, wà nínú eré náà, ẹni gidi sì ni. Ìwé kan tó jáde ní London lọ́dún 1724 sọ pé tó bá ń lọ sójú ìjà, ó máa ń fi awọ kọ́ èjìká, tí yóò so ìbọn ìléwọ́ mẹ́fà mọ́ ọn. Ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1718 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi pa á ní Ocracoke, ní etíkun North Carolina. Ìròyìn ọ̀gágun tó kó wọn lọ ni pé ọta ìbọn márùn-ún ni wọ́n rí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ idà tó nǹkan bí ogún. Kí ni ìyẹn ń sọ fún wa? Pé ìbọn máa ń dún lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó di pé idà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbọn ẹlẹ́nu gbàgà tí Adéwálé ń lò ńkọ́? Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ ni pé ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọta fọ́n ká. Bí wọ́n sì ṣe ń lò ó nínú eré nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ènìyàn bíi mélòó kan ti ṣubú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹnu tó fẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kún fífọ́nká ọta. Ohun tó wúlò fún jù ni pé ó rọrùn láti da ẹ̀tù àti ọta sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì lórí omi, tàbí tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin bá ń sáré. Ó tún ń dẹ́rù bani. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ojú ìbọn sí òun? Bí ìbọn náà bá wá lẹ́nu bíi ti ìkòkò, ẹsẹ̀ ló máa bọ́rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀, ká kọjá sí ilẹ̀ Jàpáàn. Géèmù kan jáde lọ́dún 2020 tó ń jẹ́ Ghost of Tsushima. Ilé-iṣẹ́ Sucker Punch ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1274, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mongol tí Kublai Khan rán gúnlẹ̀ sí erékùṣù Tsushima. Ogun yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìwọ̀nba àwọn jagunjagun Jàpáàn, tí wọ́n ń pè ní samurai, ló dúró dè wọ́n ní etíkun Komoda, àwọn Mongol sì pa wọ́n run. Nínú géèmù, Jin Sakai wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, àròsọ lòun. Idà ìdílé rẹ̀ tó ń jẹ́ katana ló fi ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Èyí ló wá dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tòní. Ohun tó dà bíi pé ó jẹ́ òótọ́ nínú eré yìí, kì í ṣe òótọ́. Ohun tó dà bí irọ́, òótọ́ ni.

Ẹ mú katana náà. Ta ni kò mọ̀ pé idà ni samurai ń lò? Gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1274, tafàtafà orí ẹṣin ni samurai. Ọrun àti ọfà ni ohun ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ tí ẹ mọ iyì ẹṣin lójú ogun, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Idà wà ní ìbàdí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní tachi ni. Ó tẹ̀, wọ́n ń fi okùn so ó kọ́, ojú mímú rẹ̀ a sì kọ ilẹ̀, kí ẹni tó wà lórí ẹṣin lè rí i fà yọ. Katana, èyí tí wọ́n ń ki bọ àmùrè tí ojú mímú rẹ̀ ń kọ òkè, ìgbà tó yá lẹ́yìn ogun yẹn ló gbòde. Àwọn tó ṣe eré náà kò fi pa mọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn kò tẹ̀ lé ìtàn ní gbogbo ọ̀nà, ohun tí ojú àwọn ènìyàn ti mọ́ nínú fíìmù samurai ni àwọn fẹ́ fún wọn.

Ó yá, ẹ mú àdó olóró. Nínú eré náà, àwọn Mongol ń ju nǹkan tó ń bú gbàmù. Ẹni tó bá rí i á ní, àdó olóró kè, ní ọdún 1274? Irọ́ pọ̀ nínú géèmù! Irọ́ kọ́ o. Jagunjagun kan wà tó ń jẹ́ Takezaki Suenaga, ó jagun yẹn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ó ní kí wọ́n ya àwòrán ohun tí ojú òun rí. Nínú àwòrán náà, nǹkan kan ń bú gbàmù lókè níwájú ẹṣin rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń ṣiyè méjì sí àwòrán yẹn. Àfi ìgbà tí àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ lábẹ́ omi wọ òkun ní Takashima, níbi tí àwọn ọkọ̀ Mongol ti rì nínú ogun kejì lọ́dún 1281. Kí ni wọ́n rí? Ìṣù amọ̀ sísun roboto, tí wọ́n ki àfọ́kù irin sínú rẹ̀. Àdó olóró Suenaga nìyẹn. Òkun ló jẹ́rìí sí i lẹ́yìn ọdún tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí katana tún wà nínú Assassin's Creed Origins, géèmù ilẹ̀ Íjíbítì tó jáde lọ́dún 2017. Idà tó tẹ̀ bíi dòjé wà níbẹ̀, khopesh lorúkọ rẹ̀. Wọ́n rí méjì irú rẹ̀ nínú ibojì ọba Tutankhamun tí wọ́n ṣí lọ́dún 1922. Ìrísí rẹ̀ nínú eré, kò sí àbùkù kankan. Àmọ́ ayé ọbabìnrin Cleopatra ni eré náà wà. Nígbà tí wọ́n fi máa bí Cleopatra, idà yẹn ti kúrò lójú ogun fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó wu àwọn tó ṣe eré ni, wọ́n bá gbé e wọlé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ṣé ẹ ń bá mi bọ̀? Ìrísí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ lè yẹ̀, wàhálà rẹ̀ sì máa ń pòórá. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé òpùrọ́ ni wọ́n ni? Rárá. Eré ni wọ́n ń ṣe. Ta ló fẹ́ san owó kó tó jókòó máa ki ẹ̀tù? Èmi kọ́. Nítorí náà, wọ́n sọ ohun ìjà di nọ́ńbà: iye báyìí ni agbára rẹ̀, iye báyìí ni ìyára rẹ̀. Wọ́n á kùn ún ní àwọ̀: èyí wọ́pọ̀, èyí ṣọ̀wọ́n, èyí kò lẹ́gbẹ́. Eré ni nọ́ńbà yẹn wúlò fún, inú eré náà ló sì yẹ kó mọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta ló ń rọ irú ohun ìjà yìí? Ta ni òfin gbà láyè láti gbé e? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i bí òjò bá rọ̀? Ẹni tó lù ńkọ́, ṣé ó kú lọ́wọ́ kan, àbí egbò ló pa á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì? Nọ́ńbà kò lè dáhùn ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo ní láti bá yín sọ, mi ò ní fi bọpo bọyọ̀. Black Flag àti Ghost of Tsushima kì í ṣe eré ọmọ kékeré. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tó ti pé ọdún 18 ni wọ́n kọ sára páálí wọn pé ó wà fún. Ẹ máa wo nọ́ńbà tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ kò bá lè kà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìtàn lẹ fẹ́ kí ọmọ rí, ọ̀nà mìíràn wà. Lọ́dún 2018, Ubisoft ṣe apá kan sí géèmù Íjíbítì yẹn tí wọ́n pè ní Discovery Tour. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá. Ọmọ á máa rìn kiri ìlú àtijọ́, ohùn kan á máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, bí wọ́n ṣe ń dáko, bí wọ́n ṣe ń sin òkú. Níbẹ̀ náà ni àwọn tó ṣe eré ti ń jẹ́wọ́ ibi tí wọ́n ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìtàn. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún ti ilẹ̀ Gíríìsì àti ti àwọn Viking bákan náà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó dára jù tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló ń mú owó wọlé fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní in nílé, ẹ pe bàbá tàbí ìyá yín jókòó lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì ṣe olùkọ́ fún wọn. Ẹ̀yin òbí, tí wọ́n bá pè yín, ẹ má sọ pé ọwọ́ yín dí.